Iṣu Tí Àlejò Jẹ Tán

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́. Mo jókòó sórí àpótí yín lẹ́yìn ilé ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi, òjò àkọ́rọ̀ sì ti mú kí ilẹ̀ máa rùn bí ìkòkò tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi débi pé n ò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ sọ. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́ ayọ̀, ìparí rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ jẹ́, ìgbà tí mo bá mí tán ni n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ìbẹ̀rẹ̀ wá. Lónìí, ẹ fún mi láyè, mo fẹ́ tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Mo ti padà sílé ìwé, Bàbá. Mo fi iṣẹ́ tíṣà tí mò ń ṣe ní Ìséyìn sílẹ̀, mo lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ másítà ní yunifásítì kan n'Íbàdàn. Ohun tí mò ń kọ́ ni bí oúnjẹ ṣe lè máa kárí gbogbo èèyàn láti ọdún dé ọdún, tí àgbẹ̀ ò sì níí pa ilẹ̀ tó ń bọ́ ọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màámi, wọ́n gbé ajọ̀ tí wọ́n fi ń ku èlùbọ́ sílẹ̀, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ebi ni wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì? Ta ni ò mọ ebi?"

"Màámi, bí wọ́n ṣe ń lé e lọ ni."

"Ọkọ́ ni wọ́n fi ń lé e lọ. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ẹ̀rín pa mí. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, ẹ̀yin lẹ máa ń wí bẹ́ẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá ń di ẹrù oko. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni mo lọ kọ́, ó kàn jẹ́ pé tiwọn gùn. Mo sì mọ ohun tí ẹ máa bi mí. Ṣebí torí kí n lè bọ́ lọ́wọ́ ọkọ́ lẹ ṣe rán mi níléèwé? Òun náà ni mo tún lọ gbé. Ẹ má bínú sí mi. Inú mi ń dùn sí iṣẹ́ yìí, n ò rí irú rẹ̀ rí láyé mi. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ṣe ni mo máa ń yára dìde bí ẹni tó ń lọ ọjà ọdún.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa ń ṣàlàyé bí àgbẹ̀ ṣe lè yan irúgbìn iṣu. Ó ní nígbà tí ewé bá ṣì tutù lóko ni kí àgbẹ̀ ti wò yíká, kí ó so àmì mọ́ èyí tí ara rẹ̀ bá le, tí àrùn ò mú ewé rẹ̀, kí ó sì ya iṣu ìdí rẹ̀ sọ́tọ̀ fún gbígbìn. Mo bú sẹ́rìn-ín, gbogbo kíláàsì yíjú sí mi. Mo ní kí wọ́n foríjì mí, pé bàbá mi ni mo rántí. Àkísà pupa yín ni mo rí, èyí tí ẹ máa ń so mọ́ ìtàkùn káàkiri oko. Àwọn olè rò pé àálè ni, wọn kì í fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Àáfà àdúgbò náà rò bẹ́ẹ̀, ó pè yín jókòó lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ní kí ni mùsùlùmí ń fi àálè ṣe. Ẹ ní ẹ̀yin ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé àálè ni, pé bí olè bá wá ń dẹ́rù ba ara rẹ̀, ṣé kí ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ ni? Àáfà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé ìwàásù tó fẹ́ ṣe fún yín.

Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ wá dé orí ọ̀rọ̀ iná, mo dorí kodò. Ibẹ̀ ni n ò ti lè gbà yín sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn kan kò wọlé rí kí ẹ má sáná sóko. Gbogbo koríko tó yẹ kó jẹrà kó di ọ̀rá ilẹ̀, ẹ ti sọ ọ́ di èéfín, ẹ ó sì dúró níbẹ̀, ẹ ó máa yin ara yín pé ilẹ̀ ti mọ́. Bó bá ṣe pé ẹ wà láyé ni, à bá ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìjà yẹn ń wù mí.

Ẹ jẹ́ n wá sọ̀rọ̀ iṣu yẹn báyìí, torí òun gan-an ni mo fi mú bírò.

Àwọn èèyàn a máa jẹ iṣu ńlá, wọ́n a fi wẹ́wẹ́ ṣe èèbù tí wọ́n máa gbìn. Ẹ̀yin yí i padà. Èyí tó bá dán, tó tóbi, tó wu ojú, ẹ̀yin á ní ti ilẹ̀ ni. Àwa á máa jẹ èyí tó wọ́, Màámi á sì máa kùn pé àgbẹ̀ tó ní iṣu tó báyìí ló ń fi iṣu wíwọ́ bọ́ ọmọ. Irú tí ẹ fẹ́ràn jù yẹn, ẹ ò fún un lórúkọ kankan. Awọ rẹ̀ dúdú díẹ̀, ìdí rẹ̀ a sì máa là bíi pátákò ewúrẹ́. Ọ̀dá kì í rí i gbé ṣe. Ọdún tí òjò dá tí kò padà, tí iṣu oko àwọn ẹlòmíì rí tín-ín-rín, tiyín ló ta. Apá gábàsì àká lẹ máa ń so ó mọ́, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹ bá kírun àsùbáà tán tí ẹ gbójú sókè, òun ni ẹ máa kọ́kọ́ rí. Mo ti gbọ́ tí ẹ ń kí i rí pé ṣé ó sùn dáadáa. Ẹ ò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn yín.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i kí ẹ mú iṣu ní apá gábàsì yẹn fún jíjẹ. Ìgbà tí Bọ̀ọ̀dá Lásísì fẹ́ Sìkírá ni, tí a fẹ́ kẹ́rù ìdána lọ sílé wọn ní Okaka. Màámi ní ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ fẹ́ fún ọmọ ni àbí ẹ fẹ́ fi àká tọrẹ. Ẹ kàn ń tú okùn, ẹ̀ ń kó o jọ, ẹ̀ ń súfèé.

Lẹ́yìn náà lẹ kú.

Mo mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà fídáù ọjọ́ kẹjọ yín, torí kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́ lójú oórì. Màámi wà nínú yàrá opó. Àwọn obìnrin ilé ń dáná fún èrò, wọ́n wá kan ilẹ̀kùn, wọ́n ní iṣu wo ni kí àwọn mú. Màámi ti sunkún títí ohùn wọn ti há. Wọ́n ní, "Ẹ mú èyí tó dára. Àwọn àáfà ń bọ̀, àwọn àna ń bọ̀ láti Okaka." Ìyẹn náà ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Àwọn obìnrin dé àká, wọ́n rí apá gábàsì, wọ́n ní ẹ wo iṣu. Ta ló máa dá wọn lẹ́bi? Iṣu tó dára jù la fi ń ṣe àlejò nílẹ̀ wa, ẹ̀yin nìkan lẹ sì ń fi èyí tó dára jù ṣe irúgbìn. Wọ́n gún gbogbo rẹ̀ níyán. Àwọn àáfà jẹ, wọ́n gbàdúrà fún yín dáadáa. Àwọn àna jẹ, wọ́n fi ọwọ́ nu ẹnu, wọ́n ní kí Ọlọ́run fi àlùjánńà kẹ́ yín. Gbogbo wa la jẹ ẹ́, ó sì dùn, kí n má purọ́.

Ìgbà tí ó tó àtigbìn ni Bọ̀ọ̀dá Lásísì wọ àká lọ láti gé èèbù, tí ó bá okùn lásán lára igi. Ó pe Màámi. Wọ́n wá, wọ́n wò ó, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àká. Wọn ò sunkún. Wọ́n ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n mú èyí tó dára." Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti gún iyán mọ́. Wọ́n dojú odó délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, adìẹ sọ òjìji rẹ̀ di ilé. Ọkà la ń jẹ, bí ó sì jẹ́ ọdún Iléyá, ìrẹsì. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ iyán, Màámi á ní eyín ń dun àwọn. Eyín wo ló ń fi iyán dun èèyàn, Bàbá?

Wọ́n sì fi òfin kan lé e. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ará Okaka gbọ́ ọ láéláé. Àwọn náà wà lára àwọn tó jẹ ẹ́. Bí a bá lọ sọ fún àna pé oúnjẹ tí wọ́n jẹ níbi òkú lọ́dọ̀ wa ló ba oko wa jẹ́, kí ló tún kù? Ṣe ló dà bí ìgbà tí a ní kí wọ́n pọ̀ ọ́ padà. Gbogbo wa la pa ẹnu mọ́, títí kan Bọ̀ọ̀dá Lásísì tó ń sùn ti ọmọ Okaka lójoojúmọ́.

Ẹ rántí ìyẹn. Ó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú wa ní yunifásítì wá mú ohun tó máa ṣèwádìí lé lórí, n ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní àwọn irúgbìn tó ń sọ nù lọ́wọ́ àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ni mo fẹ́ wá kiri, kí a gbìn wọ́n pọ̀, kí a wo èyí tí ọ̀dá ò lè pa. Mo sì kọ iṣu yín sí iwájú pátápátá. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi, Dókítà la máa ń pè wọ́n, obìnrin kúkúrú kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, bi mí pé iṣu náà dà. Mo ní àlejò ti jẹ ẹ́ tán. Wọ́n wò mí lókè awò ojú wọn.

"Lọ wá a. Irúgbìn tí a ò rí fọwọ́ kàn, ìtàn lásán ni. Bí ọyẹ́ bá fi máa lọ tí o ò rí i, yọ ọ́ kúrò, ká gbin àwọn yòókù."

Bàbá, mo rìn. Kò sí ọ̀nà oko tí ọ̀kadà ò gbé mi dé. Ìgbòho, Ṣakí, gbogbo etí igbó ọba. Mo dé Ìgànná, àwọn obìnrin tó ń yan gàrí fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Iṣu kẹ̀? Ẹ̀gẹ́ la mọ̀ níbí, àǹtí. Bó o bá fẹ́ jẹ gàrí, jókòó." Mo jókòó, mo jẹ gàrí gbígbóná. Mo rí oríṣiríṣi iṣu tí mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà láyé, inú mi ń dùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mò ń dì í, mò ń so àmì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá yí ìdí rẹ̀ sókè, kò là. Bí mo bá délé lópin ọ̀sẹ̀, Màámi kì í bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n á kàn wo àpò mi, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á lọ bu oúnjẹ wá. Mo wá mọ̀ pé àwọn náà ń retí. Ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí lẹ́rù, torí bí ó bá jẹ́ pé ìwé mi nìkan ni, mo lè fi iṣu mìíràn rọ́pò. Kí ni mo fẹ́ fi rọ́pò fún Màámi?

Okaka nìkan ni n ò tíì lọ. Mo ń yẹ̀ ẹ́ nítorí òfin Màámi. Dókítà rí i lórí àwòrán ilẹ̀, wọ́n fi ìka lé e, wọ́n ní èyí ńkọ́? N ò lè sọ fún ọ̀gá mi pé ojú àna ni mò ń tì.

Bí mo ṣe dé ilé Bàbá Sìkírá nìyẹn, eruku pupa bò mí láti orí dé ẹsẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ti darúgbó díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ohùn wọn ṣì dún. "Dìde, àna mi, dìde. Ṣé Ìyá Lásísì wà dáadáa? Ẹ gún iyán, àna wa dé." N ò lè ní kí wọ́n má gún un. Ìyá Sìkírá gbé e wá, ó ń yọ èéfín, ó funfun bí òwú. Mo fọwọ́, mo bu òkèlè àkọ́kọ́.

Òkèlè yẹn ò lọ. Ó dúró sẹ́nu mi. Ẹnu kì í gbàgbé, Bàbá. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú mi, mo sì ń jẹ ẹ́ lọ. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

"Ẹ bu omi fún un," Bàbá Sìkírá ń pariwo, "ará Ìbàdàn ò lè jẹ ata mọ́."

"Bàbá, kì í ṣe ata. Iṣu wo lèyí?"

"Iṣu Àna ni."

"Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ọ̀nà oko wa yìí. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ ló ti wá, níbi ìdána Sìkírá. Àwọn ará ilé ti ń pín in jẹ. Èmi yí ọ̀kan sókè, mo rí ìdí rẹ̀, mo ní irú èyí kò ṣe é jẹ tán. Mo mú díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, mo gbìn ín. Ìyá Sìkírá bá mi jà nígbà yẹn pé mo ń ṣahun. Àbí irọ́ ni mo pa?"

Ìyá Sìkírá ní irọ́ kọ́, pé ahun náà ni wọ́n títí dòní.

Wọ́n mú mi lọ síbi àká wọn. Ó wà níbẹ̀, Bàbá, wọ́n so ó lọ rẹrẹẹrẹ, ìdí rẹ̀ là bíi pátákò ewúrẹ́. Mo fọwọ́ kàn án. Ẹkún ń bọ̀, ẹ̀rín ń pa mí, n ò mọ èyí tí mo máa ṣe. Wọ́n ní bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ. Ẹ̀yin ò fọwọ́ bo tiyín, ohun tó yọ wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ ni? Ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ kó èèbù yín lọ fún wọn ni, àbí ojú àna lásán lẹ wò? Mo ti ro ó títí. Ìfèé tí ẹ̀ ń sú lọ́jọ́ náà ni kò jẹ́ kí n lè sọ.

Ibẹ̀ ni mo ti rú òfin Màámi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, bí àwọn obìnrin ṣe kó o, bí okùn ṣe ṣófo, bí odó ṣe wà ní ìdojúdélẹ̀. Bàbá Sìkírá fọwọ́ lérí. Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n lẹ́nu níbi fídáù, pé àwọn tiẹ̀ rò nínú ara wọn pé ó ti pọ̀ lọ́dọ̀ yín ju tàwọn lọ, torí náà làwọn ò ṣe dárúkọ rẹ̀. Ṣé ènìyàn á wá máa fi ẹ̀bùn yangàn lójú ẹni tó fún un? Àwọn dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀, àwa dákẹ́ nítorí ìtìjú, iṣu wà láàárín wa. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ n di díẹ̀ sínú àpò, kí n gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà. Wọ́n kọ̀.

"Ohun tó tìdí ìdána wá kì í bá ẹ̀yìn ọ̀kadà padà. Èmi àti Ìyá Sìkírá la máa gbé e wá fúnra wa. Lọ sọ fún ìyá rẹ."

Lọ sọ fún ìyá mi. Ó rọrùn lẹ́nu. Mo délé, mo sọ ọ́ lójú kan náà kí àyà mi má baà já. Màámi ò pariwo. Wọ́n ní, "O tú mi síta lójú àna." Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí mo bá kí wọn, wọ́n á jẹ́ mi lóhùn bí ẹni ń dá àjèjì lóhùn. Mo pe Bọ̀ọ̀dá Lásísì lórí fóònù, òun náà ń dá mi lóhùn kánmọ́-kánmọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ayọ̀ tí mo gbé bọ̀ láti Okaka di ẹrù sí mi lọ́rùn. Mo rò pé mo ti rí iṣu, mo ti sọ ìyá nù.

Àwọn àna wa dé lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Mọ́tò akẹ́rù kan ló gbé wọn, àwọn méjèèjì jókòó síwájú, iṣu wà lẹ́yìn lábẹ́ aṣọ funfun. Màámi ò jáde. Bàbá Sìkírá ò bínú, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé ohùn sókè díẹ̀ kí ó lè dé inú yàrá.

"Ìyá Lásísì, iṣẹ́ la wá jẹ́. Bàbá Lásísì fi nǹkan pamọ́ sọ́dọ̀ wa. Ó ti pẹ́, ẹ ò wá gbà á. A ní ká gbé e wá bá yín kó má baà di tiwa."

N ò mọ ẹni tó kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ yẹn. Wọn ò dárúkọ fídáù, wọn ò dárúkọ àlejò. Wọ́n ní ẹ fi pamọ́ ni. Ilẹ̀kùn ṣí. Màámi jáde, wọ́n kúnlẹ̀ kí àna wọn, wọ́n lọ síbi mọ́tò. Wọ́n ṣí aṣọ, wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n yí i sókè, wọ́n fi àtàńpàkò la ojú ìdí rẹ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni wọ́n bá sọ ọ́, kì í ṣe àwa.

"Bàbá Lásísì, ẹ ò tiẹ̀ wí fún mi."

Wọ́n wá sunkún, ẹkún tí wọn ò sun nínú àká lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Sìkírá dì wọ́n mú. Èmi àti Bàbá Sìkírá ń kó iṣu wọlé, a ò wo ara wa.

Dókítà nìkan ló kù tí mo ní láti sọ fún. Mo ya àwòrán ìdí iṣu kan, mo fi ránṣẹ́. Èsì wọn ni pé, "Ìtàn ti di iṣu. Gbìn ín." Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn títí fóònù fi kú.

Ẹ wá gbọ́ ìjà. Oko yín tó ti di ìgbòrò tí a fi sílẹ̀ lẹ́yìn àpáta la lọ gbìn ín sí. Màámi mú ìṣáná dání. Mo ní a ò sun nǹkan kan. Wọ́n ní ṣé èmi ni n ó kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń dáko. Mo ní rárá, pé bàbá mi ni mò ń bá jà, àwọn ló kàn dúró fún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín, a bá pín oko sí méjì. Apá tiwọn, wọ́n sun ún bí ẹ ṣe máa ń sun ún. Apá tèmi, mo fi koríko gbígbẹ bo orí ebè, mo ní bí òjò bá ti múlẹ̀, n ó gbin ẹ̀wà òtìlì sáàárín kí ó máa bọ́ ilẹ̀. Inú Dókítà dùn sí i, wọ́n ní báyìí gan-an ni ìwádìí ṣe ń rí, pé kí n má jẹ́ kí Màámi yí ọkàn padà. Ṣùgbọ́n Màámi ló gé gbogbo èèbù, tiwọn àti tèmi. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Wọ́n ń gé e, wọ́n ń fi eérú ra ojú rẹ̀, wọ́n ń tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń tẹ́ ọmọ.

Láti ìgbà náà, mo máa ń wá láti Ìbàdàn nígbàkigbà tí àyè bá wà. Ọyẹ́ lọ, ooru dé, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Bí mo bá ń sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé ẹ̀rù iṣu ò jẹ́ kí n sùn, wọ́n á rò pé àwàdà ni. Màámi ń lọ wo oko lójoojúmọ́, wọ́n á sì ní ọ̀nà ibẹ̀ làwọn kàn gbà kọjá. Ọ̀nà wo ló kọjá lẹ́yìn àpáta?

Òjò rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó tún rọ̀ lánàá. Ní òwúrọ̀ yìí, kí n tó fọ ẹnu, Màámi ti dé láti oko, wọ́n dúró lójú fèrèsé mi, wọ́n ní, "Jáde wá wo ohun tí o ṣe." Mo rò pé màlúù ti wọ oko. Mo sáré tẹ̀ lé wọn láì wọ bàtà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣí koríko kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti yọ, Bàbá. Ó pọ́n díẹ̀ lórí, ó nà bí ìka ọmọ. Mo ṣí òmíràn, òun náà ti yọ. Apá tèmi ló kọ́kọ́ hù. Màámi ní torí pé mo ṣa àwọn èèbù tó dára jù sápá ọ̀dọ̀ mi ni. Àwọn tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gé. Mo ní kí wọ́n máa wí lọ. Nígbà tí a máa fi padà gba apá tiwọn, ilẹ̀ ti là lórí ebè wọn náà, ẹnu wọn ò sì dákẹ́ mọ́ títí a fi délé.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé yìí nìyí. Bí a ṣe wọ ẹ̀yìnkùlé, Màámi lé adìẹ kúrò, wọ́n gbé odó dúró. Igi rẹ̀ ti gbẹ jù, ó ti sán láti ẹnu dé àárín. Wọ́n wò ó, wọ́n yí i gbirigbiri dé àárín àgbàlá níbi tí kò sí òrùlé, wọ́n fi sílẹ̀ síbẹ̀ kí òjò lè máa pa á, kí igi rẹ̀ mu omi, kí ojú sísán náà pa dé. Mo ní Màámi, iṣu yìí ò níí ṣe é jẹ títí tí òjò fi máa fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní odó náà ò kánjú.

Wọ́n wá ní kí n lọ mú bírò. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìwé ni iṣẹ́ mi, kí n kọ ọ́ sí yín pé iṣu yín ti hù, àti pé eyín ò dun àwọn mọ́.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tí ẹ lé kúrò lóko, tó tún padà síbẹ̀, tó sì fẹ́ràn yín títí di òní.